Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ìwé Gbèsè

Lọ́yà mi ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ní sílẹ̀, kí n sì kọ gbogbo ẹni tí mo jẹ lówó, kí n má fo ẹnì kankan. Ó ní bí adájọ́ bá gba ìwé náà, yóò kéde pé mo ti wọko gbèsè. Wọn yóò pín ìwọ̀nba tí mo ní fún àwọn tí mo jẹ, wọn kò sì ní lè máa fa aṣọ mọ́ mi lọ́rùn mọ́.

Búrẹ́dì ni mo ń ṣe nígbà náà, lẹ́yìn agbo ilé wa ní Òkèrèwè. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, ó sì gbè mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, iye tí mo ra fúláwà lọ́jọ́ Ajé kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ti yunifásítì, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Búrẹ́dì bu sí mi lọ́wọ́. Mo ń yá owó láti fi dí owó, títí ẹni tó ń ta fúláwà fún mi fi pè mí lẹ́jọ́, tó sì jàre.

Tíṣà ni ìyàwó mi, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Òun ló fi rúlà fa ìlà sí ìwé fúlúskáàpù. A jókòó ní pálọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń pè é, ó ń kọ ọ́: ẹ̀rọ tí a fi ń po fúláwà, jẹnẹrétọ̀, páànù búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀dì, rédíò. Nígbà tó kan aago ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ fún mi nígbà ìgbéyàwó wa, ó gbé bírò sílẹ̀.

“Ṣé èyí náà?”

“Lọ́yà ní ká má fi nǹkan kan pamọ́.”

Ó kọ ọ́. Kò wojú mi.

Àwọn tí mo jẹ lówó kò ṣòro kọ, àfi ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Nígbà tí fúláwà kọ́kọ́ gbówó lórí, mo lọ bá a, ó sì ta oko kòkó tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún un. Ó kó gbogbo owó náà lé mi lọ́wọ́ láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí.

Mo lọ sọ fún un kí n tó kọ orúkọ rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Ṣé mo bi ọ́ léèrè owó yẹn rí?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò bi mí.”

“Kí ló wá dé tí o fẹ́ kí adájọ́ bá mi bi ọ́?”

Mo ṣàlàyé pé màá búra sí ìwé náà, pé bí mo bá fo orúkọ rẹ̀, irọ́ ni mo búra. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ pé mo ti ta oko yẹn. Àkọ́bí mi rò pé ẹnìkan ló ń bá mi mójú tó o. Òun ni mo sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún.”

“Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

“Ìwọ lo mọ̀wé,” ló wí. “Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò fi sàn fún ọ, kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Obìnrin atẹ̀wé kan ní Lágere bá wa tẹ gbogbo rẹ̀. Mo búra níwájú akọ̀wé kóòtù kan tí kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìbàdàn la máa gbé ìwé náà lọ, sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Ìgbà yẹn ni lọ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún mi pé mo ní láti fi owó sílẹ̀ ní kóòtù kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Mo ní, “Lọ́yà, bí mo bá lówó, ṣé màá wá sọ́dọ̀ yín ni?”

Ọmọdé ló jẹ́ sí mi, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. “Mo mọ̀, bàbá,” ló wí. “Òfin ni.”

Ó ní kí n lọ wá a. Kí àwọn tí mo jẹ lówó lè fún mi ní sùúrù díẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé mo ń bọ̀ níwájú adájọ́, ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà sínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ronú débi tó yẹ kí n ronú dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé kà. Àkọ́bí rẹ̀ ló já lẹ́tà náà, tó sì kà á sétí rẹ̀.

Aláfúláwà náà ka tirẹ̀, ó rí gbogbo ohun tí mo ní nínú rẹ̀. Kò dúró de Ìbàdàn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti kó bélífù kóòtù wá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n kó páànù sínú àpò fúláwà tó ṣófo. Àwọn ará agbo ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò. Ìyàwó mi ló di ilẹ̀kùn mú fún wọn kí ẹ̀rọ náà má baà há.

Lọ́yà ní ohun tó wà nínú ìwé kì í ṣe òtítọ́ mọ́, pé a ní láti kọ òmíràn, kí n sì tún búra. Mi ò tíì rí owó ti àkọ́kọ́. Mo gba fáìlì náà, mo gbé e lọlé, a ò sì kọ òmíràn.

Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi wá lọ́jọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò jókòó.

“Bọ̀dá, oko yẹn ni mo gbójú lé láti fi rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé.”

Láti ọjọ́ náà, bí a bá pàdé, ẹ̀gbẹ́ kejì títì ló ń gbà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníbúrẹ́dì kan ní Ìpetumodù, mò ń po fúláwà fún un. Mo mú lára owó oṣù àkọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Àkọ́bí rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá, mo sì dúró díẹ̀ bóyá yóò pè mí. Kò pè mí.