Wákàtí Tó Dín Láàárín Lọ́ńdọ́nù àti Ìkirè

N kò rántí dájú bóyá mo ṣi ìṣirò ni tàbí mo purọ́. Mo rántí máàpù ayé inú ìwé jọ́gíráfì mi àti òwú tí mo nà láti Lọ́ńdọ́nù gba orí aṣálẹ̀ wá sí Èkó, ṣùgbọ́n iye tí mo rí gan-an ti pòórá lọ́kàn mi. Ọdún tí mo wọ yunifásítì, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni bàbá mi kú ní Ìkirè, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù, ti fi tẹlifóònù ránṣẹ́ lánàá rẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé àìsàn náà le, pé agogo méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàlúù òun yóò gbéra. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọmọ rí ojú bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni Àfáà fẹ́ sin ín. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tí ò ń kàwé, wákàtí mélòó ni bàlúù ń lò?"

Mo dìde bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ka ti ojú òfurufú, mo ka ti ojú títì lé e, mo sì kéde pé kí aláásárì tó pé, ẹ̀gbọ́n mi yóò ti wọlé. N kò ka ìdúró de ẹrù, n kò sì ka wákàtí kan tí aago tiwa fi ṣáájú tiwọn. Àbúrò bàbá mi, tó wá láti Àpòmù láti gbẹ́ sàréè, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Láti Àpòmù níbí, wákàtí kan ni mo fi jókòó ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó kún! Ọ̀mọ̀wé, ṣé bàlúù tìrẹ kì í kó èrò ni?"

Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àfáà ní, "Ó dáa. Ó di aláásárì."

Aláásárì pé, a kírun tán, a kò rí ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ń wo ẹnu mi. Àfáà lọ bẹ̀rẹ̀ wo inú sàréè, ó mi orí, ó ní apá gábàsì, níhà ìlà-oòrùn, kò fẹ̀ tó.

Àbúrò bàbá mi fa ọkọ́ dúró. "Àfáà, mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì! Ṣé ilé alájà lẹ ní ká kọ́ fún un ni?"

"Ẹ ṣáà máa gbẹ́ ẹ."

Wọ́n gbẹ́ ẹ títí oòrùn fi pọ́n. Màgàríbì kù díẹ̀ nígbà tí takisí kan dúró, tí ẹ̀gbọ́n mi sì bọ́ sílẹ̀ tòun tàpò. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú bàbá fún un.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ìṣirò mi ló dá ìsìnkú dúró. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ní àárín àwọn ọdún 1990, mo bi Àfáà léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti wọ bàlúù lọ sí Mẹ́kà tipẹ́ kí bàbá mi tó kú. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kò lè dé ní aláásárì. Ó sì jẹ́rìí sí i fún mi pé sàréè náà kò ní àléébù kankan.