Ohùn Màámi Nígbà tí Físà Mi Kò Tíì Jáde

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lásìkò tí mò ń retí físà, kí ẹ bá mi wò ó bóyá orí mi ló dàrú.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Ìlú Ọba. Kí físà iṣẹ́ mi tó parí ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi kún un. Lọ́yà mi ṣàlàyé pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró, kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ títí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Àmọ́ tí mo bá jáde nílùú pẹ́nrẹ́n, ìwé yẹn di òfo nìyẹn! Mo wá dà bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sójú kan, kó má ṣe mira.

Àsìkò yẹn náà ni àìsàn dá Màámi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé Ọ̀fàtẹ̀dó, ló ń lọ tọ́jú wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, wọ́n á ní ara Màámi ti ń yá. Ta ni kì í mọ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó bá ń parọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fi aṣọ tútù nu ojú ìyá òyìnbó kan lẹ́bàá fèrèsé. Ilé pa rọ́rọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́yìn mi nìyẹn: "Àdùkẹ́ o!"

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn níbẹ̀. Màámi nìkan ló ń fi oríkì pè mí. Mo ti lanu kí n jẹ́ "Mà!" kí n tó rántí ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún wa ní kékeré, pé tá a bá gbọ́ ìpè tá ò rí ẹni tó ń pè, a ò gbọdọ̀ dáhùn. Mo panu mọ́. Ó tún pè mí. Ìyá òyìnbó yẹn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́. Mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Kí n tó délé, mo ti pinnu pé mò ń lọ. Ṣé físà ló bí mi ni? Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń wá lórí fóònù nígbà tí ìpè ẹ̀gbọ́n mi wọlé, wọ́n ní Màámi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Ohùn Màámi ti rẹlẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi dá wọn lóhùn, pé ẹ̀yìn mi làwọn dúró sí, pé mo wọ aṣọ búlúù, mò ń nu ojú arúgbó òyìnbó kan. Mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o!

"Má wulẹ̀ wá sí ulé mọ́," wọ́n fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà wọn sọ ọ́." "Mo ti rí ọ. Dúró sídìí iṣẹ́ rẹ."

Mo sunkún, mo sì fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Màámi fi dolóògbé. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe sin wọ́n. Ó ṣì ń dùn mí di òní, mi ò ní parọ́ fún yín.

Físà jáde níkẹyìn, mo wálé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú oórì Màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò sẹ́ni tó pè mí. Síbẹ̀, mo dáhùn: "Mà!"

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ta ni mò ń dá lóhùn. Mo ní ìpè ọjọ́sí ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò yìí, ẹ tètè kọ̀wé kí físà yín tó parí, ẹ má sì jáde nílùú láì bi lọ́yà yín. Ẹ kàn máa pe ilé lemọ́lemọ́. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé ẹ dáhùn?