Ohùn Mi Nìkan Ló Kù

Ohùn ara mi ni mo gbọ́ nígbà tí mo gbé fóònù tó ń dún sétí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ níbẹ̀: mo ní mo dá ọ̀kan mọ̀ nínú àwọn tó jí mi gbé lóko, pé mo ṣì máa ń rí i lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. A kò mú yín rí. Ta lẹ wá mọ̀ nínú wa?”

Òótọ́ ló sọ. Ìyá arúgbó kan tó ń fún epo ní Àsin ni wọ́n jí gbé. Èmi, tíṣà tí gbogbo àgbègbè mọ̀, kàn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún obìnrin olùkọ́ yunifásítì kan tí kò gbọ́ Yorùbá, tó ń wádìí bí àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé ṣe ń gbé ayé wọn. Olùkọ́ náà ti kìlọ̀ fún mi pé bí ìyá bá ní “mo”, kí èmi náà ní “mo”. Inú mi dùn sí i. Mo tilẹ̀ ń gbọn ohùn níbi tí ohùn ìyá kò ti gbọ̀n, mo rò pé iṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ìlú gbọ́ ìwádìí náà níbi ìpàdé kan ní Ìkọ̀lé, wọ́n yọ ohùn ìyá kúrò nínú ohun tí a gbà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Tèmi nìkan ló kù. Ẹnìkan gbà á sórí fóònù, ó sì dé ọwọ́ àwọn tí kò yẹ kó dé.

“Mo kàn ń túmọ̀ ni,” mo dá a lóhùn.

“Ọ̀rọ̀ ta ni? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ni.”

Àwọn ọmọ mi ń jẹun nínú yàrá kejì. Mo sọ fún un pé ìyá elépo kan ní Àsin ni.

Bó ṣe pa fóònù ni mo gun ọ̀kadà lọ bá ìyá, mo ní kó tètè sá. N kò sọ bí mo ṣe mọ̀. Ó lọ sílé ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀tùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ilé rẹ̀ ti jóná, tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo tó wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún olùkọ́ náà pé wọ́n pè mí, n kò sọ ohun tí mo dá wọn lóhùn.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ ọlọ́pàá tó tẹ èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ ọ, ìyá wọkọ̀ wá, ó gbé iṣu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

“Ìwọ lo yọ mí nínú ulé yẹn kó tó jóná,” ó ní. “Olùkọ́ yunifásítì yẹn ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n pè ọ́, wọ́n dẹ́rù bà ọ́, o kò sì dárúkọ mi.”

“Ẹ jókòó, ìyá,” mo ní. “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Mo ṣì ń túmọ̀ fún àwọn olùwádìí, ṣùgbọ́n “ó ní” ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ báyìí, bí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá ti padà sídìí epo ní Àsin. Bí mo bá lọ ra epo, kì í gba owó lọ́wọ́ mi. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá wá ra epo pé, “Ẹni tí kò dárúkọ mi nìyí.” Èmi a gba ìgò epo mi, n óò sì dúpẹ́.