Ọ̀rá Oyin Tó Dà Bí Ọmú Màlúù

Kò ku nǹkan kan. Mo ní kò ku ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú ọ̀rá yẹn! Alhaja yí inú ẹ̀ síta, ó fi ìka nù ún, ó wo ìka ẹ̀, ó lá a, kò rí nǹkan kan lá, èmi sì ti gbá ìyá mi mú, mò ń fò bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ẹ jẹ́ n mí ná. Tí mo bá ń sọ ọ́ báyìí, kò ní yé yín.

Oyin là ń tà. Ìyá mi máa ń lọ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Komu, a ó sẹ́ ẹ nílé wa ní Ṣakí, a ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, a ó gbé e lọ fún Alhaja kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àgọ́-Àrẹ. Alhaja yìí ló ń ra èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Tí kò bá rà á mọ́, ká kúkú máa fi oyin wẹ̀.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Oyin ki. Àwọn oníbàárà Alhaja wá ń gbé ọ̀rá òfìfo padà wá bá a, wọ́n ń nà án sí oòrùn, wọ́n ní kó wo oyin tó sá pamọ́ sí igun méjèèjì nísàlẹ̀. Irọ́ kọ́. Bó o ṣe fún un tó, kì í jáde. Àwọn mìíràn á fi eyín ya ọ̀rá, wọ́n á máa lá a bí ewúrẹ́. Alhaja ránṣẹ́ pe ìyá mi. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ tó bá fi máa di Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí ọ̀rá tó ń jẹ oyin yìí bá ṣì wọ ṣọ́ọ̀bù òun, òun á lọ máa ra ti inú ike ní Ìsẹ́yìn. Agbára tiwa ò sì ká ike.

Ni ìyá mi bá pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, Injiníà là ń pè é. Ó lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga, òótọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí i kó ṣe látìgbà tó ti jáde ni jẹnẹrétọ̀ wa tó tú palẹ̀, tó kó o sínú abọ́, tó sì wà nínú abọ́ náà dòní. Ó jókòó, ó jẹ ẹ̀kọ wa, ó ní wàhálà wa ò ju pé ọ̀rá wa rù. Ó ní ẹni tó bá ń ra oyin, ikùn ọ̀rá ló máa ń tẹ̀ wò. Ó lọ ra ọ̀rá tó nípọn, tó fẹ̀ nídìí, tó ń dá dúró bí olóyè tó jẹun yó. Ó tún ní kí ìyá mi fi ènì kún un, pé oyin tó bá há, ká sọ pé ènì ló há. Ẹ gbọ́ o. Wọ́n bu ènì fún oníbàárà, wọ́n wá tì í mọ́lé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá tiwa, igun méjì ló ní nísàlẹ̀. Tiẹ̀ ní mẹ́rin. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ìwé tó kà fi kún un: igun méjì.

Mo sọ fún un pé igun ló ń gbé oyin mì. Ó wò mí bí ẹni ń wo adìẹ tó ṣèèṣì wọ yàrá.

"Síkọ́ńdìrì lo kà," ló wí. "Ṣé wọ́n kọ́ ẹ ní ọ̀rá níbẹ̀?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

Wọn ò kọ́ mi ní ọ̀rá. Àmọ́ àwọn Fúlàní ń so màlúù lẹ́yìn ilé wa, ìyá kan níbẹ̀ la sì máa ń ra wàrà lọ́wọ́ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dúró tì í, ó ń fún wàrà. Ó fi ìka di òkè ọmú, ó ń fà á bọ̀ wálẹ̀, ó tún padà sókè. Ọmú yẹn gbòòrò lókè, ó ń tín-ín-rín bọ̀, ó parí sí ẹnu kan. Kò sí igun níbẹ̀. Níbo ni wàrà fẹ́ sá sí? Mo fi ìyá oníwàrà sílẹ̀ láì ra nǹkan kan, mo sáré wọlé.

Mo kó iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Mo tẹ́ bébà sórí ọ̀rá, mo fi etí áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ lósì, títí ìlà méjèèjì fi fẹ́ẹ̀ pàdé nísàlẹ̀, mo wá gé igun dànù. Ẹnu kékeré tó kù, mo tẹ òun náà pa, ẹni tó bá fẹ́ mu oyin ló máa gé e. Àkọ́kọ́ jó. Ìkejì ń jò. Ìkẹta dáa títí mo fi gbé e sókè, ó bẹ́, oyin dà sí mi lẹ́sẹ̀, èèrà tẹ̀ lé mi dé balùwẹ̀. Injiníà kọjá, ó ní ṣé fìlà àwọn darandaran ni mò ń rán ni. Mo mú ọ̀rá mìíràn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, mo ti mọ bó ṣe yẹ kí áyọ́ọ̀nù gbóná tó: tí omi tí mo bá ta sí i bá ké ṣàà lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, ó tó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a dé ọ̀dọ̀ Alhaja. Injiníà wọ kaftánì, ó fi bíírò méjì há àpò, bí ẹni pé bíírò la fẹ́ fi fún oyin. Ó gbé tiẹ̀ sórí tábìlì, ó dúró. Alhaja ní ó mà sanra o. Tèmi ò lè dúró, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, Injiníà sì ní kí Alhaja máà bínú, pé ti ọmọ yìí ò gbádùn.

Alhaja ní kó fún tiẹ̀ ká wò. Ó fún un. Ó ká a, ó lọ́ ọ, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Nígbà tó ní ó tán, Alhaja fi ọ̀bẹ la ìdí ọ̀rá náà, ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ṣíbí kún.

"Ọkọ ìyàwó," ni Alhaja wí, "èyí tó kù síbí á tó yín mu tíì."

Injiníà ní ọyẹ́ ló fà á. Alhaja bi í bóyá ọyẹ́ ò mọ ilé tèmi ni.

Mo fi tèmi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, mo gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, mo gé ẹnu ẹ̀, mo fi ìka méjì di òkè, mo ń fà á bọ̀ wálẹ̀ bíi ti ìyá oníwàrà. Oyin ń bọ̀ bí okùn, kò já. Ẹ mọ ìyókù, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Alhaja nu ìka ẹ̀, ó kọjú sí ìyá mi.

"Ìyá olóyin, irú èyí ni kẹ́ ẹ máa gbé wá fún mi."

Ìyá mi fi ìborùn nu ojú. Injiníà wá gbẹ́nu sókè, ó ní òun ti ń wò ó pé gbogbo ohun tí òun kọ́ mi ló máa yọrí síbẹ̀ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo ọ̀rá onídìí gbàgà tí Injiníà rà jókòó, mo kó iná sí áyọ́ọ̀nù, mo gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn kúrò, mo sọ wọ́n di ọmú màlúù. Èyí tí mo kọ́kọ́ rọ oyin sí, mo gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ kí ọkọ ẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Bùọ̀dá Injiníà, ẹ fi mu ògì. Òkè ni kẹ́ ẹ ti máa fún un bọ̀." Mo wá dúró tì í títí ó fi fún un tán.