Aṣọ́lé Bàbá Làmídì

Ọjọ́ tí mo gba aṣọ́lé mọ́ Bàbá Làmídì lọ́wọ́, inú mi dùn débi pé mo fún gbogbo àwọn tó jókòó ní mínírà mu. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ẹni tó ṣe nǹkan láìmọ̀, èèyàn lè ṣàánú rẹ̀. Èmi mọ ohun tí mò ń ṣe, mo tiẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbèrò rẹ̀.

Iṣẹ́ fídíò ni mo ṣe ní Adja-Ouèrè fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Fídíò là ń pe ilé tí èèyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù. Tèmi jẹ́ yàrá gbọọrọ kan lẹ́yìn ọjà: bẹ́ǹṣì méjìlá, tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, àti gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá tó máa ń pariwo ju àwọn òǹwòran lọ nígbàkígbà tí iná bá lọ. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń gun sẹmijáàn, ọ̀kadà akérò, láti Ikpinlè àti Tatonnonkon wá wo eré ọjọ́ Sátidé. Ẹlòmíràn á gbé àpò gbágùúdá sórí ọ̀kadà, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọjà lòun ń lọ, ọ̀dọ̀ mi ló máa jókòó sí. Nígbà tó yá, fóònù dé ọwọ́ tẹrú tọmọ, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọ̀pẹ nínú oko wọn. Bẹ́ǹṣì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo.

Ohun tó dá àwọn tó kù dúró ni ìdíje kan tí àwa mẹ́jọ dá sílẹ̀. Lọ́dọọdún, kí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀, a ó jókòó lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Àílá, a ó máa yan àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú mọ́kànlá. Ẹni tí ẹnì kan bá ti mú, ẹlòmíràn ò lè mú un mọ́. Bí ẹni tó o mú bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ lo ni àmì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ́, ìwọ lo ṣòfò. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ló máa jókòó sí àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo tó wà níwájú títí ọdún á fi yí po. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rí àgbàlagbà méjì tí wọn ò kí ara wọn fún oṣù mẹ́ta nítorí àga yẹn.

Èmi ni akọ̀wé, èmi náà ni wọ́n gbà pé mo mọ yíyàn jù. Ìbò la fi ń mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ mú. Tá a bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹjọ, ibẹ̀ la ó ti padà, tó túmọ̀ sí pé òun á mú méjì léra wọn. Àwọn tó kù máa ń fajú ro bí wọ́n bá mú ìbò ìkẹjọ, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo máa ń kọ́ wọn kò ju pé èyí tó bá ṣọ̀wọ́n ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá sáwọ̀n ò tó ìka ọwọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé, ẹni tó ń dúró lẹ́nu gọ́ọ̀lù, pọ̀ bí àgbàdo lọ́jà, òun ló yẹ kéèyàn mú gbẹ̀yìn.

Bàbá Làmídì nìkan ni kò gbà. Kọ́lékọ́lé ni wọ́n, àwọn ló kọ́ yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń gun àkàbà. Aṣọ́lé kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú lọ́dọọdún, ọkùnrin gíga kan tí a sọ ní Agùntáṣọọ́lò. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń ra ilẹ̀kùn kí wọ́n tó mọ ilé. Wọ́n á ní ilé tí àwọn ti kọ́ pọ̀ ju èyí tí a ti sùn lọ. Ipò keje tàbí ìkẹjọ ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ mú Agùntáṣọọ́lò mọ́ wọn lọ́wọ́, bí ìbò wọn tiẹ̀ jìnnà. A ò kọ ọ́ sínú òfin. Ohun tí àgbà bá ti gbọ́wọ́ lé, ta ni yóò fà á?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyàwó Bàbá kú nígbà òjò, wọ́n sì kó lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Ikpinlè. Àbúrò náà sọ fún mi lọ́jà pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni Bàbá ń tètè wẹ̀, tí wọ́n ń béèrè aṣọ. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, ẹni ni wọ́n ń sùn sí. Mo gbọ́ ọ, ó sì ye mi dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú yíyàn la ti mú ìbò. Bàbá ṣe ìkẹta, èmi ṣe ìkẹjọ. Ọgbọ́n àgbọ́njù bá dé sí mi nínú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ikpinlè, mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kí Bàbá kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n bi mí pé aṣọ́lé àwọn ńkọ́.

"Ta ló máa mú aṣọ́lé, Bàbá? Á dúró dè yín."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ yíyàn, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ pé Bàbá ti wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ó kàn mí. Mo mú ẹnì kan, mo sì mú Agùntáṣọọ́lò tẹ̀ lé e. Ètò mi ni pé Bàbá á fi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe pàṣípààrọ̀ fún mi. Bàbá pe orúkọ mi.

"Akàndé, ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ká ṣe pàṣípààrọ̀."

"Ohun tó jẹ́ tèmi, mi ò ní í rà á."

Wọn ò bínú. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni bá ti dá lábàá ni wọ́n ní kí n kọ fún àwọn títí mọ́kànlá fi pé. Mínírà wọn wà níbẹ̀ láìṣí i.

Sátidé àkọ́kọ́, Bàbá ò wá. Ìkejì, wọn ò wá. Mo ní wọ́n á wá, pé ẹ̀dùn ọkàn ni. Ẹ wá wo nǹkan: ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, Bàbá tí kò sí níbẹ̀ ló ń ṣe ipò kìíní. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún mi. Ẹnì kan sọ ọ́ sí mi lójú pé bí mo bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Bàbá, kí ni mi ò lè ṣe sí òun. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwa mẹ́ta là ń wo bọ́ọ̀lù.

Nígbà náà ni mo tó gbé ìwé mi, mo lọ sí Ikpinlè. Bàbá jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo ti kọ aṣọ́lé wọn padà sórúkọ wọn, mi ò sì gba nǹkan kan. Bàbá na ọwọ́ síwájú.

"Akàndé nìyẹn?"

Iwájú wọn gan-an ni mo wà.

Wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ojú àwọn ti ń lọ. Gbogbo àwọn tó ń sáré nínú tẹlifíṣọ̀n, òjìji lásán ni wọ́n. "Òun nìkan ni mò ń rí. Ó ga, aṣọ rẹ̀ yàtọ̀, ibì kan ló sì ń dúró. Tó bá ti gbọ́wọ́ sókè, mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Wọ́n ní a ó ní kí àwọn jókòó sílé. Mo ní ṣebí wọ́n ṣì lè máa wá wò ó, kódà nígbà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Tó bá ti di tìrẹ, ta ni màá sọ pé mo wá wò?"

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní èmi fúnra mi ni màá máa wá fi ọ̀kadà gbé wọn ní gbogbo Sátidé. Bàbá mi orí, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

"Ìyẹn ti kọjá. Ní báyìí, mi ò rí òun náà mọ́."

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ojú Bàbá, inú yàrá ni wọ́n ti lò ó, wọ́n dojú kọ ògiri, nítorí mo fẹ́ borí. Mo sunkún lójú ọ̀nà oko bí mo ṣe ń bọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń dunni tó nìyẹn.

Mo ti fídíò pa kí sáà náà tó parí. Àgbàdo ni mò ń gbìn báyìí. Bí ìgbà yíyàn bá ti ń sún mọ́lé, àwọn kan ṣì máa ń dá mi dúró lọ́nà pé kí n sọ ẹni tí àwọn máa kọ́kọ́ mú. Mo máa ń ní mi ò mọ̀, wọ́n á rò pé mò ń ṣahun. Bàbá Làmídì ni ẹni ìkẹyìn tí mo kọ́, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ mi gbọ́.