Ìdí Igi ní Ilẹ̀ Jámánì

Ó máa ń rẹ̀ mí kí kíláàsì náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Lanham, ní Amẹ́ríkà níbí, tí mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo sì ń gba èébú lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ mọ́ pé òun ń bú ènìyàn. Bí mo bá ṣíwọ́, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ yege nínú ìtàn Yúróòpù. Àìsàn wo ni mo fẹ́ fi ìtàn Yúróòpù wò?

Àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́, ló máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ.

"Kí lo ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?"

"Àwọn ìjòyè ilẹ̀ Jámánì láyé àtijọ́ ni, ma."

"German kẹ̀? Sister mi, tí patient bá ṣubú ní bathroom, ṣé German lo máa sọ fún un? Abeg, sọ̀ kalẹ̀, mo ti late fún second job mi."

Tíṣà wa, bàbá òyìnbó kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ṣàlàyé pé bí olúwa ilẹ̀ kan bá kú, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ á pín ilẹ̀ náà. Bí àwọn yẹn bá kú, àwọn ọmọ tiwọn á tún un pín, títí yóò fi ku ilé olódi tí wọ́n ń gbé nìkan. Wọn á pín ìyẹn náà. Ẹnìkan á mú ilé ìṣọ́, ẹnìkan á mú ilé ìdáná, gbogbo wọn á sì jọ máa lo kànga kan àti ẹnu ọ̀nà kan. Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ti rí ilé tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti fi ẹfun fa ìlà sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní ọdún yẹn gan-an, ilé bàbá mi wà nílẹ̀ tí a kò tíì pín in. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fi sáyé lọ. Ìyálé bí márùn-ún, èkejì bí mẹ́rin. Ìyá mi ló kéré jù, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Bí a bá pín ilé náà ní ìdí igi, ìyàwó ni a ó kà, ìdá kan nínú mẹ́ta á jẹ́ tiwa, yàrá ìyá mi á sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, orí ọmọ ni a ó kà, kí n máa dúpẹ́ bí mo bá rí yàrá kan gbà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ọmọ ìyálé, tí í ṣe dáwódù ilé, orí-ò-jorí ni wọ́n ń sọ ní tiwọn. Ohun tó ń já mi láyà ni pé yàrá ìyá mi lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò ní kí wọ́n kó ẹrù jáde.

Ìdánwò dé. Wọ́n bi wá pé kí ló fà á tí ilẹ̀ ìdílé ìjòyè kan fi pín sí ọ̀nà méjì péré nígbà tí bàbá wọn fi ọmọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀. Mo rí ìdáhùn rẹ̀ kíá. Mo kọ ọ́ pé ìyàwó méjì ni bàbá náà ní, ọ̀kan bí méjì, èkejì bí ọ̀kan, ìdí igi ni wọ́n sì fi pín in. Odidi ojú ìwé kan ni mo fi ṣàlàyé ohun tí ojú ìyàwó kékeré máa ń rí.

Tíṣà pè mí lẹ́yìn kíláàsì.

"Níbo lo ti kà á pé ìyàwó méjì ló ní?"

"Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, sà?"

"Ìyàwó kan ṣoṣo ni. Ọmọ kẹta di àlùfáà, kò gba ìpín."

Ojú gbà mí tì. "Ìyá wọn wá ńkọ́, sà?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní láti ìgbà ìgbéyàwó ni wọ́n ti máa ń ya ibi tí obìnrin náà yóò máa gbé sọ́tọ̀, bí ọkọ rẹ̀ bá kú. Bó ti wù kí àwọn ọmọ pín ilẹ̀ tó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ títí obìnrin náà yóò fi kú. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ tún un sọ. Kò fún mi ní máàkì kankan, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́ dé Riverdale níbi tí mo ti ń gbé.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo ra káàdì ìpè, mo pe ilé ní Ìbàdàn.

"Bọ̀dá mi, mo ti gbà. Ẹ pín in ní orí-ò-jorí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan yàrá màámi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì wà láyé."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Àwọn ará Jámánì ni, sà."

"Jámánì tó ń ṣe mọ́tò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Orí wọn pé. Kò burú, yàrá yẹn á wà nínú ìpín tèmi. Mi ò ní lé wọn, mo ṣèlérí."

Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún ìyá mi ní fóònù.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè lé yín jáde mọ́."

Ìyá mi já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ẹnikẹ́ni ń lé mi ni? Ẹnìkan bí márùn-ún, ẹnìkan bí mẹ́rin, èmi bí ìwọ nìkan. Ìdí igi nìkan ló ń sọ pé ẹgbẹ́ ni wá nílé yìí. Ìyàwó ilé ni mo jẹ́ nígbà tí mo jí láàárọ̀, o ti wá sọ mí di ayálégbé."

Kí n tó bẹ̀ wọ́n, káàdì ìpè ti tán.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ìlérí wọn ṣẹ. Èmi náà yege nínú ìtàn Yúróòpù nígbẹ̀yìn, mo di nọ́ọ̀sì, ó sì ń rẹ̀ mí síbẹ̀. Bí mo bá pe ìyá mi, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè òtútù, wọ́n á ṣàdúrà fún mi dáadáa. Bí wọ́n bá wá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á rọra sọ pé, "Onílé mi ní kí n kí ọ o."