Aṣọ́lé Kejì

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Túnbọ̀sún fi ń wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé lọ sí pápá ní Dallas, tó sì ń bọ́ ọ láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù ìdíje kankan kan ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Bọ́ọ̀lù ló gbé e dé Amẹ́ríkà, òun náà ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, nítorí Stella ni aṣọ́lé àkọ́kọ́. Stella ò sì ṣe é bínú sí. Oak Cliff, ní Dallas níbẹ̀, ni àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bí i sí, Túnbọ̀sún fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ, Stella kì í sì í wọlé láàárọ̀ kó má tẹ orúnkún díẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Sister. How was your night?"

Nínú oṣù kẹta, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan pe Túnbọ̀sún láti ilẹ̀ Potogí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ ní aṣọ́lé àkọ́kọ́. Túnbọ̀sún sáré tọ kóòṣì lọ pé kó jẹ́ kí òun lọ.

"Ìwé àdéhùn rẹ ṣì ku ọdún kan ààbọ̀," ni obìnrin náà wí. "Bí nǹkan bá ṣe Stella, ta ni kí n mú?"

Nígbà tó dé apartment wọn ní Irving, ó ròyìn fún Enoch, ọkọ rẹ̀.

"Tó o bá kàn rìn kúrò, wọn á fòfin dè ọ́," ni Enoch sọ. "Àwọn ará Potogí gan-an ò ní lè lò ọ́."

"Wọ́n ní àwọn á dúró dè mí di oṣù keje."

"Oṣù keje ò jìnnà, Bọ̀sún."

Láti ọjọ́ náà ni èrò kan ti ń wá sí i lọ́kàn tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Enoch. Bí Stella bá fò gba bọ́ọ̀lù, ojú Túnbọ̀sún á lọ sí ọwọ́ ọmọ náà. Ó bẹ Ọlọ́run títí kó mú èrò náà kúrò.

Ọ̀sán Sátidé kan, oòrùn mú ganrínganrín, ìka Stella ṣẹ́ níwájú àwọ̀n. Bí wọ́n ti ń mú un jáde, ó di Túnbọ̀sún lápá mú, omijé lójú rẹ̀. "Sister, ẹ má jẹ́ kí wọ́n score o."

Túnbọ̀sún fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀, ó sì sáré wọ pápá. Kò pẹ́ tí wọ́n fún àwọn alátakò ní pẹnáríti. Túnbọ̀sún fò sápá òsì, bọ́ọ̀lù bà á ní àtẹ́lẹwọ́, ó ta dànù. Ariwo sọ. Ìdíje mẹ́fà ló tún ṣọ́ lẹ́yìn ìyẹn, gólù méjì péré ló wọlé.

Ó gbà pé ọ̀nà ti là nìyẹn: iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá òun dúró, òun ti ṣe é. Ó padà tọ kóòṣì lọ pé kó jẹ́ kí òun máa lọ, ẹ̀rín ni ìyẹn ń rín. "Ta ló máa ní irú ẹ lọ́wọ́, tó máa jẹ́ kó lọ?"

Nígbà tí oṣù keje parí, àwọn ará Potogí mú ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni dókítà ní ìka Stella ti jiná.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Túnbọ̀sún ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí Stella kí ara rẹ̀ lè yá.

"Sister, ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Gbé ọwọ́ ẹ sókè," ló dá a lóhùn, ó sì gbá òmíràn sí i, èyí tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.